Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Ìdí Tí Rábì Fi Ń Dúpẹ́ Pé Òun Wà Nínú Ìjọ (Ìbéèrè àti Ìdáhùn)

Tí rábì, olùkọ́ ẹ̀sìn àwọn Júù, bá ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ìjọ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, tàbí lọ́jọ́ tó ń fẹ̀yìn tì, ọpẹ́ ló máa ń kún ẹnu rẹ̀. Á ní òun dúpẹ́ pé wọ́n gba òun mọ́ra, pé wọ́n kà òun kún ara wọn. Ó máa ń ṣe àwọn èèyàn wa ní kàyéfì, torí lọ́dọ̀ wa, ìjọ ló sábà máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olórí ìjọ. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí nìwọ̀nyí.

Ta ni rábì? Ṣé bíi pásítọ̀ náà ni?

Wọ́n jọra níwọ̀nba. Rábì a máa wàásù, a máa bẹ aláìsàn wò, a máa sìnkú, a máa so ọkọ àti ìyàwó pọ̀. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ló sọ ọ́ di rábì. Ó ti kọ́ Tórà, ìyẹn ìwé márùn-ún Mósè, àti òfin àwọn Júù débi tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ fi fọwọ́ sí i pé ó tó ẹni tí à ń wá ìdáhùn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò dúró bí alárinà láàárín ìjọ àti Ọlọ́run. Àwọn àlùfáà ọmọ Áárónì tí a ń kà nípa wọn nínú Bíbélì ló ń rúbọ, iṣẹ́ ìrúbọ yẹn sì dópin lọ́dún 70, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù wó Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù palẹ̀.

Nítorí náà, ìjọ Júù lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní rábì. Ẹni tó bá ti dàgbà nínú wọn tó sì mọ àdúrà lè bọ́ síwájú kó ṣáájú ìjọ. Wọ́n á ka Tórà, wọ́n á ṣe àjọ̀dún, wọ́n á kọ́ ọmọ wọn. Rábì ni kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ìjọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọpẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni rábì kò lè dá ṣe?

Ó pọ̀. Mísínà, àkójọ òfin tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 200, to àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe níbi tí èèyàn kò bá pé mẹ́wàá. A kò ní ka Tórà fún ìjọ, àwọn ọmọ Áárónì kò sì ní gbé ọwọ́ sókè láti súre. Nígbà tó yá, Kaddish, àdúrà tí ọlọ́fọ̀ ń gbà, di ara ohun tí kò ṣeé ṣe láìsí mẹ́wàá. Mẹ́wàá yìí ni wọ́n ń pè ní minyan. Bó ti wù kí rábì gbọ́n tó, ọgbọ́n rẹ̀ kò lè dí àyè ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù máa ń pa á lówe pé rábì mẹ́sàn-án kò pé minyan, àmọ́ aránbàtà mẹ́wàá pé e.

Ibi tí àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbàanì ti fa iye yìí yọ máa ń wú mi lórí gan-an. Ẹnì kan lè rò pé ọ̀dọ̀ àwọn wòlíì tàbí àwọn olódodo ni wọ́n ti rí i. Inú ìwé Nọ́ńbà orí 14 ni, níbi tí inú ti bí Ọlọ́run sí àwọn amí tó lọ wo ilẹ̀ Kénáánì tí wọ́n sì kó ìròyìn burúkú bọ̀ tí àyà gbogbo èèyàn fi já. Ọlọ́run pè wọ́n ní ìjọ búburú. Amí méjìlá ló lọ. Ẹ yọ Jóṣúà àti Kélẹ́bù kúrò, ó ku mẹ́wàá. Àwọn aláròyé mẹ́wàá tí ẹ̀rù ti gba ọkàn wọn, Ọlọ́run ṣì pè wọ́n ní ìjọ! Rábì tó bá ti ronú lórí ẹsẹ yìí dáadáa kò ní dúró dìgbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ bá di ẹni pípé kó tó dúpẹ́ pé wọ́n wá.

Ẹ fojú inú wo sínágọ́gù kékeré kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà òtútù. Aago méje kò tíì lù, èèyàn mẹ́sàn-án ló ti dé. Ẹnì kan ń pe àbúrò rẹ̀ tó ń gbé nítòsí lórí fóònù, ẹlòmíì ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ń wo títì. Rábì ti da aṣọ àdúrà borí, ó ti wé okùn awọ tí wọ́n fi ń gbàdúrà mọ́ apá òsì, àdúrà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, síbẹ̀ ó dúró. Ìgbà tó yá ni awakọ̀ kan tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ wọlé, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ojú yí sí i, àdúrà sì bẹ̀rẹ̀. Talmud, ìwé ńlá tí àwọn ọlọ́gbọ́n Júù ti ṣàlàyé òfin wọn, sọ nípa Rábì Eliezer pé ó wọ sínágọ́gù, kò rí mẹ́wàá, ló bá dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ lómìnira níbẹ̀ kí iye lè pé.

Ṣé wọ́n ń ka obìnrin mọ́ mẹ́wàá?

Láàárín àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, àwọn Júù tó rọ̀ mọ́ òfin àtijọ́ jù, ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún 13 nìkan ni. Àwọn ìjọ Reform, tí kò rọ̀ mọ́ òfin àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀, ń ka obìnrin, àwọn Conservative, tó wà láàárín méjèèjì, náà sì fàyè gbà á ní 1973. Obìnrin tó jẹ́ rábì náà wà. Regina Jonas ló kọ́kọ́ gba oyè náà, ní Jámánì, ní 1935. Àwọn Násì, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, pa á ní àgọ́ ìpànìyàn Auschwitz ní 1944. Ní Amẹ́ríkà, Sally Priesand gba tirẹ̀ ní 1972.

Ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ló yẹ kí rábì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọlọ́run náà ni. Àmọ́ nínú ẹ̀sìn Júù, àárín èèyàn ni ọpẹ́ Ọlọ́run ń gbà kọjá.

Ẹ wo àdúrà ojoojúmọ́ wọn. Àdúrà ńlá kan wà tí wọ́n ń gbà lórí ìdúró. Lẹ́yìn tí oníkálukú bá ti gbà á tán ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, aṣáájú àdúrà á tún un gbà sókè, àwọn yòókù á sì máa ṣe “Àmín” sí ìbùkún kọ̀ọ̀kan. Ó lè tọrọ ìlera fún wọn, ó lè bẹ̀bẹ̀ ìdáríjì nítorí wọn. Tó bá kan ibi ọpẹ́, nǹkan yí padà: gbogbo ìjọ á tẹrí ba, oníkálukú á sì fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọpẹ́ tirẹ̀. Àlàyé tí àwọn olùkọ́ wọn ṣe ni pé a lè rán èèyàn lọ bẹ̀bẹ̀ fún wa, àmọ́ a kì í rán èèyàn lọ dúpẹ́ fún wa. Àárín gbogbo ohùn wẹ́wẹ́wẹ́ yẹn ni rábì dúró sí, tirẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn.

Ó tún ku Sáàmù 107. Sáàmù yẹn dárúkọ oríṣi èèyàn mẹ́rin: ẹni tó ṣìnà ní aginjù, ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, àti ẹni tí ìjì ká mọ́ ojú òkun. Láti inú rẹ̀ ni Talmud ti fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá yọ nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró láàárín mẹ́wàá, kó sì yin Ọlọ́run tó ṣe é lóore. Ìjọ á dá a lóhùn pé kí Ẹni tó ṣe é lóore yìí máa ṣe é lóore lọ títí. Lónìí, ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ jàǹbá ọkọ̀ ń sọ ọ́, abiyamọ tó sọ̀kalẹ̀ láyọ̀ ń sọ ọ́. Rábì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé kò lè dá a sọ nínú yàrá rẹ̀. Ó ní láti wá síbi tí àwọn èèyàn wà.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Àwa náà kì í dá dúpẹ́. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe lóore, “Ẹ bá mi dúpẹ́” ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, á sì pe ẹbí, ará àti ojúlùmọ̀ jọ. Ohun tí rábì ń sọ fún ìjọ rẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́: ó ń dúpẹ́ pé òun ní àwọn tó ń bá òun dúpẹ́.

Ṣé àdúrà kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìjọ?

Ó wà. Láàárọ̀ Sábáàtì, ìyẹn ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka Tórà, wọ́n á bẹ Ẹni tó bùkún Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù pé kó bùkún ìjọ mímọ́ náà, àwọn àti aya wọn, ọmọ wọn àti ohun ìní wọn. Lẹ́yìn náà ni àdúrà á wá dárúkọ àwọn tó ń gbé iná fìtílà wá, àwọn tó ń mú wáìnì wá fún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin Sábáàtì, àwọn tó ń fún àlejò lóúnjẹ, àwọn tó ń ta tálákà lọ́rẹ, àti gbogbo ẹni tó ń fi òtítọ́ inú ṣe iṣẹ́ ìlú. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé rábì kò sí nínú àwọn tí àdúrà yẹn tò. Ẹni tó gbé fìtílà wá ló wà níbẹ̀.

Tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ rábì fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ibí ni mo gbà pé ọpẹ́ rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù. Láti ọdún yìí dé ọdún yẹn, òun ló ń wọ ilé ọlọ́fọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá tirẹ̀ kú. Òfin tó de gbogbo ìjọ de òun náà: á fa aṣọ ọrùn rẹ̀ ya, á jókòó sílé fún ọjọ́ méje lórí ìjókòó tí kò ga, kò ní wọ bàtà awọ, kò ní ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé máa ń fi aṣọ bo dígí. Oúnjẹ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ oúnjẹ tirẹ̀. Aládùúgbò ló ń gbé e wá, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹyin sísè, tàbí ohun mìíràn tó rí róbótó. Ẹni tó wá kí i kì í ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Á wọlé, á jókòó, á dákẹ́ títí ọlọ́fọ̀ á fi la ẹnu. Ẹ̀kọ́ tí rábì ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ dá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lágara, òun náà wá di ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mẹ́wàá á pé sínú pálọ̀ rẹ̀ kó lè rí Kaddish gbà. Kaddish kò dárúkọ ikú rárá. Ìyìn Ọlọ́run ni látòkè délẹ̀, ohùn àwọn tó ń dáhùn ló sì ń gbé e ró: “Kí a máa yin orúkọ ńlá rẹ̀ láé àti láéláé.” Tí ọjọ́ méje bá kọjá, á ṣì máa gbà á fún oṣù 11 nítorí òbí. Lójoojúmọ́ láàárín oṣù 11 yẹn, ó kéré tán, ẹni mẹ́sàn-án mìíràn gbọ́dọ̀ wá kí ọ̀rọ̀ náà tó lè jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ènìyàn laṣọ. Rábì tó jókòó sílẹ̀ nínú ẹ̀wù yíya, tí àwọn èèyàn sì yí i ká, rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jẹ́.

Ìjọ tó ń ta ko rábì ńkọ́? Ṣé ó ń dúpẹ́ fún ìyẹn náà?

Ìjà ń bẹ nínú sínágọ́gù bó ṣe ń bẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Wọ́n ń jà lórí owó, lórí orin, lórí ẹni tó jókòó síbi ẹni. N kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn. Àmọ́ atakò lórí ẹ̀kọ́, wọ́n kà á sí ẹ̀bùn, ìtàn kan nínú Talmud ló sì jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀.

Rábì Yohanan ní ẹnì kejì tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, Resh Lakish, ẹni tó ti ṣe olè rí kó tó yí padà. Nígbà tí Resh Lakish kú, ìbànújẹ́ fẹ́ pa Yohanan. Àwọn ọlọ́gbọ́n yòókù wá yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀wé dáadáa, Eleazar ọmọ Pedat, pé kó lọ máa jókòó tì í. Gbogbo ohun tí Yohanan bá sọ, Eleazar á ní: “Ẹ̀rí wà tó ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn.” Yohanan fi ìkanra dá a lóhùn. Ó ní Resh Lakish ní tirẹ̀ á kó atakò 24 ko òun lójú, òun náà á fún un ní ìdáhùn 24, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ṣe yé àwọn méjèèjì yékéyéké. Ó bi í pé ṣé òun kò mọ̀ fúnra òun pé òótọ́ lòun ń sọ ni? Ó ń rìn káàkiri, ó ń sunkún, ó ń bèèrè pé níbo ni Resh Lakish wà. Rábì tí gbogbo ìjọ kàn ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni” fún ti pàdánù ohun kan tó ṣeyebíye.

Ṣé kì í ṣe nítorí owó oṣù ló fi ń dúpẹ́?

Lóde òní, ìjọ ló ń gbà á síṣẹ́, ìgbìmọ̀ ìjọ ló sì ń bá a dúnàádúrà. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló níṣẹ́ ọwọ́. Maimonides, ògbóǹtarìgì nínú òfin tó kú ní Íjíbítì ní 1204, ta ko kí èèyàn máa fi Tórà jẹun, iṣẹ́ dókítà ló ń ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé ìjọ lè sanwó fún àkókò tí rábì kò fi ṣòwò. Kò sí ohun tó burú nínú kí òṣìṣẹ́ dúpẹ́ fún owó rẹ̀, àmọ́ owó oṣù kọ́ ló ń mú ẹni mẹ́sàn-án wá sí pálọ̀ ọlọ́fọ̀.

Ṣé rábì kan wà tó kọ̀ láti fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ewu?

Leo Baeck wà. Rábì ni ní ìlú Berlin, 1873 ni wọ́n bí i. Nígbà tí Hitler gorí àlééfà ní 1933, Baeck ni àwọn Júù Jámánì fi ṣe olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣojú wọn. Ọ̀nà ṣí fún un láti sá lọ sókè òkun, ó kọ̀. Ohun tí wọ́n rántí pé ó sọ ni pé níwọ̀n ìgbà tí minyan kan bá ṣì kù ní Jámánì, ibẹ̀ lòun máa wà. Ní oṣù Kìíní 1943, wọ́n kó o lọ sí Theresienstadt, àgọ́ tí àwọn Násì ń kó Júù sí, nígbà tó ti ń sún mọ́ ẹni 70 ọdún. Wọ́n fi í sídìí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ilẹ̀, ó ń fà á. Tílẹ̀ bá ṣú, á kọ́ àwọn èèyàn nínú òkùnkùn, wọ́n á fún mọ́ra wọn láti gbọ́ ọ. Ó yè é, ó sì wá gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní 1956, ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ rábì níbẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ṣé ìjọ Júù wà ní Áfíríkà tó ní rábì tirẹ̀?

Ó wà, ìtàn wọn ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí. Àwọn Abayudaya ń gbé ní ìlà-oòrùn Uganda, nítòsí ìlú Mbale. Semei Kakungulu, jagunjagun tó ti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, ló dá wọn sílẹ̀. Ó ń ka Bíbélì tí àwọn míṣọ́nnárì mú dé, ọkàn rẹ̀ sì fà sí ìwé Mósè. Ní 1919, ó kọlà, ó sì kọlà fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ó kú ní 1928. Àwọn tó fi sílẹ̀ kò ní rábì tó gba oyè, wọ́n kàn ń kọ́ ara wọn, wọ́n ń fi Sáàmù kọrin ní èdè Luganda, wọ́n ń pa Sábáàtì mọ́.

Nígbà ìjọba Idi Amin, ológun tó ṣàkóso Uganda, wọ́n fòfin de ẹ̀sìn Júù. Ọ̀pọ̀ ló yí padà sí ẹ̀sìn mìíràn. Àwọn tó kù ń gbàdúrà ní bòńkẹ́lẹ́, iye wọn kò ju bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ nígbà tí Amin fi lọ. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1979 ni Kámpálà, olú ìlú Uganda, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Àjọ Ìrékọjá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Ẹ ronú ohun tí ìyẹn jẹ́ fún àwọn tó ti fara pa mọ́ tí wọ́n ń ka ìtàn Fáráò.

Ọmọdé ni Gershom Sizomu, ẹni tó wá di rábì wọn, nígbà yẹn. Bàbá rẹ̀ àgbà ti wà lára àwọn aṣáájú ìjọ. Ní àwọn ọdún 1980, òun àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ lórí òkè Nabugoye láti gbé ìjọ dìde. Ní 2002, àwọn rábì Conservative wá síbẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lára wọn sì wọ ẹ̀sìn Júù ní ìlànà òfin. Sizomu lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Los Angeles, ó gba oyè rábì ní 2008. Ó lè dúró sí Amẹ́ríkà. Ilé ló padà sí. Ní 2016, àwọn ará àdúgbò rẹ̀, tí púpọ̀ jù lọ nínú wọn kì í ṣe Júù, dìbò yàn án sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ náà ní, ọmọ Júù, ọmọ Kristẹni àti ọmọ Mùsùlùmí jọ ń jókòó pọ̀. Ìjọ ti wà fún ohun tó lé ní 80 ọdún kí rábì yìí tó gba oyè. Àwọn ló bí i, àwọn ló tọ́ ọ, àwọn ló sì ń padà sí.

Ṣé wọ́n wà ní Nàìjíríà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ìjọ kan ń ṣe ẹ̀sìn Júù ní Àbújá àti ní ilẹ̀ Ìgbò, tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Ìgbò tó gbà pé ìran Ísírẹ́lì làwọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sìn láìní rábì tó ń gbé láàárín wọn. Àwọn àgbà ìjọ ló ń ṣáájú.

Mo fẹ́ lọ wo ìsìn wọn níbi tí mò ń gbé ní òkè òkun. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn tàbí kí ẹ pè wọ́n, torí ọ̀pọ̀ sínágọ́gù ló ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í sì jẹ́ kí ẹni tí wọn ò mọ̀ ṣàdédé wọlé. Ẹ wọ aṣọ tó bojú mu. Ọkùnrin á dé fìlà. Wọ́n máa ń ní kékeré nílẹ̀ fún àlejò, fìlà tiwa náà dára. Ní Sábáàtì, ẹ pa fóònù, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ kí wọn pé “Shabbat shalom,” ìyẹn Sábáàtì àlàáfíà. Tí ẹ kì í bá ṣe Júù, wọn ò ní kà yín mọ́ mẹ́wàá, kí ẹ má bínú sí i, inú wọn á ṣì dùn pé ẹ wá. Ẹ má gbé oúnjẹ tí ẹ sè lọ, torí òfin oúnjẹ wọn le. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sábà máa ń ṣúre sórí wáìnì, wọ́n á sì jọ jẹ nǹkan. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Tí ẹ bá fẹ́ ta ìjọ lọ́rẹ, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ kan owó lọ́jọ́ Sábáàtì.